Kí Ni Adití Fẹ́ Fi Fóònù Ṣe?

Àbúrò mi obìnrin kò gbọ́ ohùn kankan mọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ibà ló ṣe é. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó gbé etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló ti mọ̀wé kà, tó mọ̀ ọ́n kọ. Bó bá ti wálé fún ọlidé, èmi ló máa ń kọ́. Bí ìka mi bá ṣàṣìṣe, á gbá mi lọ́wọ́ bíi tíṣà tí sùúrù rẹ̀ ti tán. Bàbá àti Màmá wa kò kọ́ èdè ọwọ́ náà. Àmì ọwọ́ tiwọn wà: wá jẹun, lọ sùn, òjò ń bọ̀, lọ ká aṣọ wọlé. Wọ́n gbà pé ìyẹn ti tó.

Ayétòrò ni ilé wa. Bàbá jẹ́ tíṣà ilé ìwé ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá ń dáko ẹ̀gẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìlaró, yàrá kan ni mo háyà níbẹ̀. Àbúrò mi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó gba òmìnira, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, ó ń rán yẹ̀rì àti aṣọ ilé ìwé fún àwọn ará àdúgbò.

Owó ìfẹ̀yìntì Bàbá kò pọ̀, kì í sì í tètè dé. Nítorí náà, wọ́n ní òfin kan tí gbogbo wa mọ̀ sórí: "Ohun tí a bá lè wà láìní títí oṣù á fi parí, kì í ṣe ọ̀ranyàn." Lábẹ́ òfin yìí, ṣúgà kì í ṣe ọ̀ranyàn. Bàtà kejì kì í ṣe ọ̀ranyàn. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ ọ́ sórí bébà pé òun fẹ́ fóònù tó lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá kà á, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín ẹni tí nǹkan kò yé ni.

"Kí ni adití fẹ́ fi fóònù ṣe?" ni wọ́n bi Màmá. "Ta ló fẹ́ pè? Bí wọ́n bá pe òun alára, ṣé ó máa gbọ́ ni?"

Mo wà níbẹ̀. Lọ́kàn mi, mo gbà pé òótọ́ ni Bàbá sọ.

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí Bàbá ń gbé sápò. Bí mo bá fẹ́ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ láti Ìlaró, Bàbá ni mo máa pè. Màá sọ tẹnu mi, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á wá kọ ọ́ sórí bébà fún un. N kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ rárá, àfìgbà tí mo lọ sílé nígbà Àjíǹde kan, tí mo ń wá bọ́tìnnì nínú páálí àbúrò mi, tí mo bá àwọn bébà náà níbẹ̀. Ó tò wọ́n jọ bí ìwé ẹ̀rí.

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo bá Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi, pé gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, pé èmi náà rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí, pé ìyá ìbejì tó wà nínú ọgbà wa ti sọ ọmọ lórúkọ, pé mo rí aṣọ kan tó máa wù ú. Bébà ọjọ́ náà rèé lọ́wọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ." Òmíràn: "Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ le." Òmíràn: "Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Yóò wá ní Kérésì."

Mo jókòó sórí ìjókòó ẹ̀rọ rẹ̀. Inú bí mi, àmọ́ n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Bàbá kò purọ́. Wọ́n kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú bí wọ́n ṣe ń gé gbogbo nǹkan kúrú kó lè dé ìparí oṣù.

Láti yàrá mi sí ilé ìwé jìnnà díẹ̀, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ láràárọ̀. Mo jáwọ́. Odindi táàmù kan ni mo fi ẹsẹ̀ rìn, mo ń jí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ń dé kíláàsì tòun ti eruku lẹ́sẹ̀. Mo yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ mi, pọ̀nmọ́ ló kù. Nígbà tí táàmù parí, mo ra fóònù àlòkù kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán ní igun kan, mo sì gbé e lọ sí Ayétòrò lọ́jọ́ Sátidé.

Àbúrò mi gbà á, ó gbé e mọ́ àyà, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Bàbá kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ìwọ tí ò ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́," ni wọ́n wí, "ìwọ lo ra fóònù fún adití. Dátà ńkọ́? Èyí tí mo gbọ́ pé owó tó ń jó láìrú èéfín ni?"

"Èmi ni mo máa máa rà á, sà. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Bí kò bá wúlò, kí ẹ tà á."

"Màá tà á," ni Bàbá wí. Wọn kò pariwo. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n máa tà á lóòótọ́ nìyẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nínú ilé wa. Abẹ́ igi kaṣú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa ń dáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo jókòó nínú kíláàsì mi ní Ìlaró, mo fi fóònù mi pè é, kí a lè máa rí ojú ara wa. Ó ti gbé tirẹ̀ há orí ẹ̀ka igi kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè wà lófo. Ojú rẹ̀ kún gbogbo fóònù. Mo rò pé yóò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sọ ni pé:

"Kí ló pa Ìyá Àgbà?"

Ìyá tó bí Màmá wa ló ń sọ, àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti kú. Mo bi í bóyá mo ṣì í gbọ́. Ó tún un sọ. Ó ní òun dé fún ọlidé láti ilé ìwé nígbà náà, òun bá bẹ́ẹ̀dì wọn lófo, Màmá gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn, wọ́n sì nawọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ jù bẹ́ẹ̀ fún òun.

"Èkuru ni mo sè fún wọn kí n tó lọ sílé ìwé," ló wí. "Mo rò pé òun ló pa wọ́n. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè nílé lójú Màmá."

Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé balùwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí, pé wọ́n jẹ èkuru rẹ̀ tán, wọ́n sì tún béèrè bóyá ó kù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bí ó bá fi ọwọ́ bo ojú, kò lè sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì lè rí ọ̀rọ̀ mi. Mo dúró dè é. Dátà ń lọ, kó máa lọ. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Sọ òmíràn fún mi."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti rí àwọn aránṣọ mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ adití bíi tirẹ̀, wọ́n ń fi fídíò kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò káàkí, bí síìpù ṣe ń dúró dáadáa, bí àpò kò ṣe ní tètè já. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ kò nílò ohùn. Ó ń ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e síbi tí èèyàn ti lè rí i. Tí bátìrì bá kú, á gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Bàbá ń wò ó, wọ́n ń ka oṣù.

Nínú oṣù kejì, mo wà nílé lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Bàbá nawọ́ gba fóònù fúngbà àkọ́kọ́. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un jìnnà.

"Èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì," ni Bàbá, tíṣà àná, wí.

Faransé ni. Àbúrò mi gbà á padà, ó tẹ ibì kan, ọ̀rọ̀ náà sì di Yorùbá, Yorùbá tó wọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tó yéni. Bàbá ṣẹ́wọ́ sí i: kí ló wí, kí ló wí? Àbúrò mi mú bébà, ó kọ ọ́: "Ó kí yín."

Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé wọn pé irú bébà tiwọn ni. Lẹ́yìn náà Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, wọ́n yọ gíláàsì nù ún, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi wá kọ ìyókù. Obìnrin kan ní òdìkejì bodè, níhà Kétu, ló ní ilé ìwé kékeré kan. Yorùbá ló ń sọ bíi tiwa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Ó rí àwòrán ṣòkòtò káàkí náà, ó sì fẹ́ aṣọ fún gbogbo ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó fi owó aṣọ ránṣẹ́ ṣáájú.

Gbogbo ilé ló ṣiṣẹ́ náà. Màmá ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, Bàbá ń gán bọ́tìnnì, èmi ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ láti gé òwú tó ṣẹ́kù. Nígbà tó parí, obìnrin náà ní òun yóò wá gbà á ní Ìjoun lọ́jọ́ ọjà. Bàbá múra láti gbé e lọ. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ bébà sí wọn: "Èmi ni mo gba iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo máa gbé e lọ."

Bàbá pè mí lórí fóònù ní Ìlaró. "Bá mi dá a dúró. Ọ̀nà bodè ni, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀."

"Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ó lọ."

Lọ́jọ́ náà, mo gbé fóònù mi sábẹ́ ìwé lórí tábìlì kíláàsì. Àwòrán àkọ́kọ́ wọlé: ẹ̀yìn ọlọ́kadà àti ọ̀nà pupa. Èkejì: ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ó ti kọ ọ́ sínú fóònù pé, "Adití ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ ilé ìwé ni, èmi ni mo rán an." Wọ́n kà á, wọ́n wo aṣọ, ọ̀kan nínú wọn kọ sínú fóònù náà pé òun ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ níbi tó wà. Bàbá ń pè mí láti abẹ́ igi kaṣú léraléra.

"Ó ti sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, sà."

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Nígbà tó yá, fóònù gbọ̀n, àwòrán kan wọlé. Obìnrin tó sanra kan gbé ṣòkòtò káàkí sókè nínú ọjà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ọba. Mo kígbe. Gbogbo kíláàsì kígbe tẹ̀lé mi, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo pe Bàbá, mo sọ fún wọn.

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan, sà."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ké sí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà: "Ọmọ mi ti dé Ìjoun o! Ó ti jíṣẹ́!"

A kò ta fóònù náà. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan máa ra dátà. Èmi lè wà láìní in fún oṣù kan. Mo ní etí, mo lè ké sí aládùúgbò lórí ọgbà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dátà ṣì máa ń tán kí oṣù tó parí nílé wa, ẹja sì ṣì máa ń ṣọ̀wọ́n nínú ọbẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì, àwọn tó ń gbọ́ràn ni, ó sì ti kọ́ wọn ní èdè ọwọ́.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo bá a tó dúró lábẹ́ igi kaṣú, ojú rẹ̀ le, àtàǹpàkò rẹ̀ ń sáré lórí fóònù. Oníṣòwò kan ní Ìlaró ló gé káàkí kù fún un. Ó ya àwòrán aṣọ náà pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Mo fẹ́ lọ tù ú nínú. Màmá di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí, ojú wọn ń dán. "Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Jẹ́ kó jà á dáadáa."