Ààwẹ̀ Tí Mo Lọ Gbà Ní Songon

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo sọ ara mi di ẹni mímọ́. Àìsàn ló mú un nínú ilé wa ní àdúgbò Koumassi Remblais, kò sì pẹ́ tó fi lọ, ó fi èmi àti ọmọbìnrin wa sílẹ̀. Mo da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àlàáfíà mi, màá ní Olúwa ni agbára mi, màá sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wo áńgẹ́lì. Páànù òrùlé nìkan ni mò ń rí.

Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ wa ní àwọn fẹ́ lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta létí ọ̀sà ní Songon, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní ẹni tó bá rẹ̀ lè jẹ díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ní èmi ò ní fẹnu kan nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa, nítorí mo sùn jálẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń kọrin, afẹ́fẹ́ gbé òórùn ẹja díndín dé láti ilé ìyá arúgbó kan nínú abúlé náà. Mo sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé Ẹ̀mí ń darí mi lọ sétí omi. Ẹ̀mí kọ́, ikùn ni.

Mo kí ìyá náà. Ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi, ó wo egungun èjìká mi. Ó bu atiéké, oúnjẹ gbágùúdá rírin, sínú àwo, ó gbé ẹja lé e, ó rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ó fi èdè Faransé ní, "Ma fille, mange," pé kí ọmọ òun jẹun. Mo jókòó, mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ẹnu mi kún nígbà tí ìyá ìjọ, olórí àwa obìnrin, yọ sí wa. Mo fẹ́ sọ pé àdúrà ni mò ń gbà, egungun ẹja bá há mi lọ́fun. Òun náà ló gbá mi lẹ́yìn títí tó fi jáde. Mo ń retí kí ó bá mi wí, ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Látìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ," ó ní, "mi ò tíì rí ọ kí o jẹun yó. Kí o lè jẹun ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ yìí, ọmọ mi."

Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, kí àwọn ènìyàn lè rí bí ìgbàgbọ́ mi ṣe lágbára tó. Ibẹ̀ ni ẹkún náà ti wá dé, tòun ti òróró lẹ́nu. Ìyá ìjọ di ọwọ́ mi mú, kò wàásù. Nígbà tó yá, mo ní, "Olúwa, ó rẹ̀ mí. Ràn mí lọ́wọ́." Nínú gbogbo àdúrà gígùn tí mo ti ń gbà, èyí nìkan ni mo mọ̀ pé èmi gan-an ni mo gbà á. Àyà mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo jẹ èyí tó kù.

Mo ti padà sídìí iṣẹ́. Mo ṣì ń sunkún, nígbà mìíràn níwájú oníbàárà, débi pé màá wọn ìbàdí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láràárọ̀, èmi àti ọmọ mi á kúnlẹ̀, màá sọ fún Olúwa pé ó rẹ̀ mí, kí ó ràn mí lọ́wọ́, a ó ṣe àmín. Ọmọ náà á wò mí, á ní, "Maman, ṣé ó ti tán nìyẹn?" Màá ní ó ti tán, kí ó lọ wọ bàtà, ilé ìwé ti yá.