Òróró Tí Kò Ní Òórùn

Ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi o. Ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ tẹ̀ lé mi ni, èmi sì ni ìyálé rẹ̀, nínú ilé wa ní Ungwan Romi, ní Kàdúná, ní àárín àwọn ọdún 1990. Ẹni tó bá gbọ́ ìyálé àti ìyàwó á ti máa retí ìjà. Ẹ má retí rẹ̀ níbí. Èyí tó wà láàárín wa kò pẹ́, irun ló sì parí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, inú mi kò dùn. Àwọn ọmọ mi obìnrin ti wà nílé ọkọ, ọmọ mi ọkùnrin ti ríṣẹ́ sí Kánò, mo sì ti rò pé èmi àti bàbá wọn á jọ máa dàgbà lọ jẹ́jẹ́ ni. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe gbé ọmọ kan dé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Afaka. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, ó sì ti kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré.

N kò tètè mọ̀ pé ó ní irun, nítorí ìborùn kì í kúrò lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ló wẹ̀ tán, tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tó tú u sílẹ̀ fún oòrùn. Irun náà gùn dé ìbàdí. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán bí irun tó máa ń wà lórí àgbàdo tútù, atẹ́gùn tí kò lè mi ewé ń gbé e. Ṣùgbọ́n ṣónṣó rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ta kókó, ọmọ náà sì ń fi òòyà já a bí ẹni tó ń tu koríko. Mo wò ó títí, ọwọ́ ń yún mi. Obìnrin tó ti tọ́ ọmọbìnrin dàgbà kò lè rí irun báyẹn kó gbójú kúrò. Mo ní kó wá jókòó síwájú mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí ìyá tó bí mi, òrí sì ni ohun tí wọ́n fi hàn mí fún irun. Mo bu òrí, mo fi pa á láti ìdí dé ṣónṣó, bí mo ṣe máa ń pa ti àwọn ọmọ mi, tí irun tiwọn ki, tó sì le. Ọyẹ́ ti dé lákòókò yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òrí ti dì, irun ti lẹ̀ mọ́ra, ó dà bí òwú tí wọ́n rì bọ inú ẹ̀kọ. Ìyàwó mi wá bá mi láàárọ̀, ó bo orí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, kò dìde.

"Ìyálé mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo sọ fún un pé bí mo bá fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi, n kò ní fi òrí olówó ńlá ṣe é. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú la fi fọ̀ ọ́ títí di ọ̀sán. Níbi tí a ti ń fọ̀ ọ́ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀.

Kò rántí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń fi sí i. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló rántí, pé ó máa ń gbóná. Nítorí náà, èmi ni mo ń wá ọ̀nà kiri. Mo dán àdín àgbọn wò, ó gbà á. Mo wá mọ̀ pé irun tó fẹ́lẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n da òróró lé òun lórí. Ẹ máa kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi gbóná, ẹ wá máa fà á lọ fẹ́ẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀, níbi tí irun ti gbó jù. Ẹ máa pín irun sí ọ̀nà ọ̀nà, kí ẹ má kánjú. Bí ẹ bá kánjú, yóò já, ẹ ó sì gbọ́ ọ bó ṣe ń já.

Ọjọ́ Àlàmísì la yàn fún un, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí orí rẹ̀ lè wà ní mímọ́ de Jímọ̀ọ̀. Mo máa ń se kànáfùrù sínú àdín náà kó lè ta sánsán. Bí ọkọ wa bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Kudenda, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, á ti ẹnu ọ̀nà béèrè pé ṣé ilé òun ti di ìsọ̀ ẹlẹ́gbòogi ni. Ìyàwó mi á bo ẹnu. Èmi á ní kó lọ wẹ eruku òwú kúrò lára kó tó máa ṣàwàdà. Báyìí la ṣe ń gbé, ọdún ń yí lu ọdún, ìyàwó mi kò sì tíì bímọ.

Ọkọ wa kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ kan. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Àwa méjèèjì wọ inú opó, tí àwọn Hausa àdúgbò wa ń pè ní tàkàbà, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ díẹ̀. Alfa wá bá wa, ó sọ ohun tó kàn fún wa: a kò ní jáde láìnídìí, a kò ní lé tìróò, a kò ní lé làálì, a kò ní fi ohun olóòórùn dídùn kankan kan ara. Mo kó ìgò àdín oníkànáfùrù mi fún aládùúgbò wa. Mo pa ìyẹ̀wù mi dé, mo kó ẹní lọ bá ìyàwó mi nínú tirẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ètè ń ya, gìgísẹ̀ ń ya. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já sórí ẹní, sórí aṣọ ìrun, ó ń já sínú oúnjẹ. Ìyàwó mi á ṣà á jọ, á ká a mọ́ ìka. Mo fẹ́ wá nǹkan fi pa á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin, tó máa ń wá wò wá, kò gbà. Ó ní nígbà tí ọkọ tòun kú, òun kò fọwọ́ kan orí òun títí tí òun fi jáde.

"Opó tó ń pa irun," ó ní, ó kọjú sí ìyàwó mi, "ta ló ń pa á dè?"

Ìyàwó mi tẹrí ba. Èmi náà gbà á mọ́ra, nítorí ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ la jọ ń ṣe, ọ̀fọ̀ sì máa ń mú kí ẹnu ènìyàn korò.

Aládùúgbò wa ló bá wa yanjú rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù ní gbogbo Romi. Ó kọjá lọ bá Alfa lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú aṣọ akọrin lọ́rùn. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún wa, Alfa bi í pé kí ló kàn án nínú tàkàbà. Ó dá a lóhùn pé tàkàbà kò kan òun, irun ló kan òun. Alfa rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún un pé òróró kọ́ ni a kọ̀ fún opó, oge àti òórùn dídùn ni. Bí òróró kò bá ti ní tùràrí tàbí lọ́fíńdà nínú, kí a fi pa irun tó ń já.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ọjà lọ. Ìgò man riɗi ló mú bọ̀, òróró yánmọtí tí àwọn Hausa ń fún. Ó ṣí i, ó gbé e sí mi nímú.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò, Ìyálé. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan kan, ẹ pè mí ní òpùrọ́."

N kò gbóòórùn nǹkan kan lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ wa gbọ́, ó ní Alfa òde òní ni. Ṣùgbọ́n kò tún sọ̀rọ̀ sí i mọ́.

Báyìí la ṣe padà sí ọjọ́ Àlàmísì wa. A ó jókòó sórí ẹní, èmi lẹ́yìn, òun níwájú, a ó ti fèrèsé nítorí eruku. Mo ti ń pa irun yẹn bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀ pé ó ní òórùn tirẹ̀. Kànáfùrù ni mo ti ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí kànáfùrù kò sí, ó wá kù mí ku irun náà: òórùn bí ti aṣọ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù báyẹn lọ. Ó máa ń wá sí mi nímú títí dòní, bí mo bá ń ká aṣọ nírọ̀lẹ́.

Irun kò já mọ́.

Oṣù kẹta opó ni bàbá rẹ̀ wá láti Afaka. Ó jókòó sí pálọ̀, ó kí mi bí àgbà ṣe ń kí àgbà, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì, òun ń kó ẹrù òun lọ sí Ìlọrin, bí ọmọ òun bá sì ti jáde nínú opó, òun á mú un dání. Ọmọdé ṣì ni, ó ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìtọ́jú. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló wá gbà.

Láti ọjọ́ náà ni àárò ìyàwó mi ti ń sọ mí, òun náà sì nìyí níwájú mi. Tẹ́lẹ̀, a máa ń parí kí Màǹgàríbà tó wọlé. Mo wá ń pín irun náà wẹ́wẹ́ sí i. Mo ń pa ibi tí mo ti pa.

Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ ti ṣe ibẹ̀ yẹn."

Mo ní kò tíì mu ún.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó má lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: pé ilé náà tó wa gbé, pé a lè jọ máa ta nǹkan níwájú ilé, pé bó bá yá, bó bá fẹ́ ọkọ, kó fẹ́ ẹ sí tòsí níbí. Ọmọkùnrin mi ń ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ ní Kánò. Mo ní rárá, mo lẹ́nìkan nílé. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà bọ̀ létè, tí mo sì ń gbé e mì.

Ọjọ́ tí opó wa parí, a wẹ̀, a wọ aṣọ mìíràn. Mo ti ha àgbọn láti àárọ̀, mo ti se àdín tuntun, mo ti fi kànáfùrù sí i. Mo pè é. Ó jókòó, mo kán òróró sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń ra á. Òórùn gba gbogbo ilé, bí ẹni pé ọkọ wa máa tó yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó bá mi sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Bàbá ní ọ̀la ni àwọn máa wá mú mi. Ìyálé mi, bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí, òun ló wá bá mi fà á jáde. Ó kù kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ ọ́n, kò ní yẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní kó dúró, á dúró, a ó máa jókòó sórí ẹní yìí ní gbogbo Àlàmísì, èmi lẹ́yìn, òun níwájú, títí irun rẹ̀ náà yóò fi funfun mọ́ mi lọ́wọ́.

"Máa lọ, ọmọ mi," mo ní. "Irun báyìí, ilé tí ọmọ kékeré á ti máa fà á ló yẹ kó wà."

N kò pè é ní ọmọ rí. Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, mo sì ń pa irun náà lọ, ọ̀nà kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo di í ní ńláńlá méjì kó lè rọrùn fún un láti sùn lé nínú ọkọ̀.

Wọ́n wá mú un lóòótọ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan tó ti Ìlọrin dé kí mi, ó ní ìyàwó mi ní kí òun kí mi, pé ó ti bímọ, obìnrin. Mo bi í bóyá irun ọmọ náà fẹ́lẹ́. Ó ní òun kò wo irun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó mi lọ, mo kírun Àlàásárì tán, mo jókòó sórí ẹní, n kò sì mọ ohun tí mo jókòó ṣe. Aládùúgbò wa wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó wò mí, kò kí mi, kò sọ pé kí n má ronú. Ó jókòó síwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ṣí gèlè. Irun rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, ó ki bí pápá, ewú ti wà níwájú rẹ̀.

"Kò gùn," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ń yún mi."

Mo kán òróró sí àtẹ́lẹwọ́. Mo ra á títí ó fi gbóná, mo sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó tètè tán. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì sọ fún mi pé mo ti pa ibẹ̀.