Òwú Tí Mo Pààrọ̀

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn nínú yàrá ìyá ọkọ mi, tí à ń pè ní Màámi, ní Èjìgbò. Wọ́n ń fi í sínú agolo tí wọ́n ń kó òwú sí, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àbíjàn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ hun léèsì, dantẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì máa ń pè é. Ìrọ̀rí líle kan ni a fi ń ṣe é, pẹ̀lú píìnì tí a gún sí i lára, àti àwọn igi kéékèèké tí a yí òwú mọ́, tí a ń gbé kọjá ara wọn bí ẹni ń dirun.

Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni a jọ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ àgbẹ̀ láti Isundunrin ni, ẹ̀gẹ́ bíbó ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle. Síbẹ̀, tó bá ti fa òwú gba ètè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ èyí tó tín-ínrín àti èyí tó ki. Èmi á wò ó títí ojú á fi máa ro mí, n ó sì tún mú èyí tí kò yẹ. "Wo iṣẹ́ àbúrò rẹ," ni Màámi máa ń wí, ọ̀rọ̀ yẹn a sì máa dùn mí ju ìgbájú lọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó àbíkẹ́yìn Màámi ń bọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni wọ́n gbé ìbòrí ìyàwó fún láti hun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi hun ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dìde lọ kírun Àsárì, mo gé òwú orí igi mẹ́rin, mo so èyí tó ki mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí etí ìbòrí náà fi ń sún jọ bí ewé tí iná rà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ bá Màámi.

"Màámi, òwú tí mo yàn kọ́ nìyí."

Màámi fi ìka tọ ibẹ̀ lọ, tọ ibẹ̀ bọ̀. Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé ìbòrí náà láti òkè dé ilẹ̀ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ oko lọwọ́ rẹ. Má fọwọ́ kan ìrọ̀rí mi mọ́ láé." Ó ń sunkún, ó ń ṣa àwọn ègé rẹ̀ nílẹ̀. Mo bá a ṣà á, mo tún ń pẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Màámi wà lórí àìsàn, mo kúnlẹ̀ mo jẹ́wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n rín.

"Mo mọ̀. Ìka mi ti bá kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ yẹn ì bá jù mí lọ láàárín ọdún kan. Ìwọ ò lè jù mí lọ láéláé, ìdí tí mo fi mú ọ nìyẹn."

Èmi ni mò ń hun ìbòrí báyìí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ń yan gààrí. Tí a bá pàdé, á kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyáálé mi." N kò tíì sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí Màámi wí fún un. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé òun ló mọ iṣẹ́ náà jù nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkàn mi ò sì tíì gbà á. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìkà ọjọ́ kan ni mo ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá kúnlẹ̀ kí mi, tí mo sì dákẹ́, mo tún ń ṣe é ni.