Ilé tí Màmá Yíiwò Rà Nínú Òjò

Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Yíiwò. Ẹ gbé aṣọ tó ń kọ mànà bí mànàmáná wá bá a, kò ní yìn ín. Inú aṣọ ni yóò kọ́kọ́ yí síta, yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán lọ títí, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè rí eyín rẹ̀.

Nígbà tó di pé okùn àti ihò abẹ́rẹ́ kò rí ara wọn mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pinnu láti ra ilé kékeré kan tí ayálégbé yóò máa gbé, kí ilé náà lè máa bọ́ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kó jọ ló máa wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í rà, kò sí òmíràn.

Alágbàtà ilé mú wọn dé ilé méjì ní òpópónà kan náà. Àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Ìkejì ńkọ́? Ara ògiri rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, onígbàjámọ̀ kan ló sì háyà yàrá iwájú.

Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá ti di ọ̀dọ́mọkùnrin. "Ìyàwó mi, èyí tó ń dán yìí ni tiwa!"

"Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná," ni Màmá wí.

Alágbàtà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ilé lẹ fẹ́ rà o, ẹ ò fẹ́ gbin àgbàdo! Ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá rà á."

"Kó máa bọ̀, ọmọ mi. Kó mú agboòrùn dání."

Wọ́n dúró títí òjò fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kíá, Màmá ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà.

"Ṣé o ò rí òjò ni?" ni Bàbá bi í.

"Òun gan-an ni mo ń lọ bá."

Bàbá tẹ̀ lé e. Alágbàtà gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ó ń kùn. Nínú ilé tó ń dán, Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri ẹ̀yìn bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tí inú ń run. Ọ̀dà bọ́ sí i lọ́wọ́, omi dúdú sì ń ṣàn wálẹ̀. Bàbá wo ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Háà! Ilé ń sunkún."

Wọ́n sáré wọ ìkejì. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, onígbàjámọ̀ ń fá orí oníbàárà lọ ní tirẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló dá yín dúró sínú ilé jákujàku yìí?"

"Màmá, ìta rẹ̀ ni kò dára. Òjò kì í wọlé, omi ẹ̀rọ kì í dá, oníbàárà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò ju pé ẹni tó bá rà á lè lé mi."

Alágbàtà yọ́ ọ̀rọ̀ sí Màmá létí: "Ẹ lé e lóòótọ́. Ẹ kun ilé, kẹ́ ẹ sì gbé owó rẹ̀ sókè."

"Èmi kì í tú ojú rírán tó dára nítorí pé mo fẹ́ tún un rán."

Bí wọ́n ṣe ra ìkejì nìyẹn, onígbàjámọ̀ sì jókòó tirẹ̀. Owó ilé tó ń wọlé ló ṣe iṣẹ́ abẹ ojú Màmá. Ìgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn gan-an ni páìpù ilé náà bẹ́! Ẹnikẹ́ni kò rán onígbàjámọ̀ níṣẹ́: ó ti omi pa, ó pe alátùn-únṣe, ó gbá ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí Màmá débẹ̀, ó súre fún un:

"Ibi tẹ́ ẹ fojú sí, ọ̀nà á máa là fún yín níbẹ̀."

"Màmá, ṣebí ilé wa ni."

Títí di òní ni Bàbá, tí orí rẹ̀ pá bí ẹyin, ń lọ jókòó níbẹ̀ pé òun wá gẹrun. Okùn àti ihò abẹ́rẹ́ sì ti tún ń kí ara wọn lọ́wọ́ Màmá, kò sì sí àárọ̀ tó fi okùn bọ abẹ́rẹ́ tí kì í sọ pé, "Olúwa, mo dúpẹ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé rà, ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Ẹ dúró de òjò, kẹ́ ẹ lọ fọwọ́ kan ògiri náà fúnra yín.