Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Nítorí irin kékeré kan tí kò tóbi ju ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé lọ ni iléeṣẹ́ tó ta mọ́tò fún mi ṣe kọ̀ mí sílẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò fi ata sí i, mi ò sì fi iyọ̀ sí i.

Títí dòní, tí mo bá kàn ń kọjá ní ibùdókọ̀ Pleasure, imú mi á tún gbọ́ òórùn ọjọ́ yẹn: omi rédíétọ̀ tó ń hó lórí irin gbígbóná, tó ń rùn bíi ṣúgà tó jóná nínú ìkòkò, tó wá dàpọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀ àti òórùn ọsàn tí obìnrin kan ń bó lẹ́bàá títì. Ọ̀sán gangan ni. Ilé ìwòsàn ojú ní Ìkẹjà lèmi àti ìyá mi ti ń bọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ọ̀tún, wọ́n fi bándéèjì funfun bo ojú náà, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé òógùn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, eruku ò gbọdọ̀ kàn án, kí n yáa gbé e délé kó lọ sinmi. Òkè-Odò là ń lọ, ilé ò sì jìnnà mọ́. Àfi bí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ṣe gbéra lójijì, tó lọ fẹ̀yìn ti ibi pupa, tí èéfín funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú wa. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Kí ló ń jó?" ni ìyá mi bi mí.

"Kò sí nǹkan tó ń jó, Màámi."

"Ojú ni wọ́n dí fún mi o, wọn ò dí mi nímú."

Kó o tó bi mí bóyá mi ò tọ́jú mọ́tò ni, jẹ́ kí n sọ fún ẹ pé mo tọ́jú ẹ̀ ju ara mi lọ. Tuntun ni mo rà á, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá tó ń ta irú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti ń ṣe gbogbo sàfíìsì ẹ̀. Mi ò sì ní purọ́, mo gbádùn ibẹ̀. Éésì wọn máa ń tutù dé eegun, wọ́n á gbé tíì fún ẹ, wọ́n á fi ọ̀rá bo ìjókòó mọ́tò kí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn má bàa bà á jẹ́, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ìyá mi tẹ̀lé mi lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ibẹ̀ dà bíi bánkì. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń kọ mí lóminú: gíláàsì dúdú ló wà láàárín ìwọ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wàá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, wàá jókòó, wàá gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò rẹ, o ò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Nígbà yẹn, mo ka ìyẹn sí ọ̀làjú. Ṣebí ìwọ náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá títì: wọ́n á yọ ti gidi, wọ́n á fi àlòkù sí i, wọ́n á tún ọ̀kan ṣe, wọ́n á ba méjì jẹ́. Mo gba gbogbo ẹ̀ gbọ́.

Ohun tó so mí mọ́ iléeṣẹ́ náà jù ni jíà. Tí mo bá fẹ́ gbéra, ó máa ń ta mí síwájú bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àbùkù náà ti wà lára ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, pé wárántì bo ìyẹn, àwọn á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí òmíràn bá ti dé. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún mi: ọwọ́ ìta ò gbọdọ̀ kan mọ́tò náà. Mo pa á mọ́ bí ẹni pa òfin Ọlọ́run mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ni mo kọ́kọ́ pè ní Pleasure. Sàfíìsì tuntun ṣì wà lára mọ́tò náà o. Kò pẹ́ rárá tí mo gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti pààrọ̀ omi rédíétọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ma," ni ẹni tó gbé fóònù sọ. "Ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ ti ń bọ̀."

A dúró. Mo tún pè. "Ó ti ń bọ̀, ma, ẹ ṣe sùúrù." Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní kí n dá ọkọ̀ mìíràn dúró kó gbé ìyá mi lọ sílé, ó ní òun ò ní fojú kan ṣoṣo bá ẹni tí òun ò mọ̀ rìn. Èmi náà ò sì lè fi mọ́tò sílẹ̀ kí n sin ín lọ, torí àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tó bá dúró sójú títì á ti wọ́ ọ lọ kí n tó padà dé. Òógùn ti ń kóra jọ níwájú orí ẹ̀, lókè bándéèjì gan-an. Mo ń fi áńkáṣíìfù nù ún.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti sọdá gọ́tà wá bá wa, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ọgbà mẹkáníìkì kan wà lódìkejì tí mi ò tiẹ̀ kà sí. Èmi ò pè é. Kò sì wo mọ́tò rárá, ìyá mi ló ń wò.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí Màmá bọ́ sábẹ́ igi wa níbẹ̀ yẹn. Mọ́tò lè dúró sóòrùn, kò lójú tó ń dùn ún."

A mú un lọ. Wọ́n nu bẹ́ǹṣì fún un, wọ́n fún un lómi tútù. Kò tíì mu ún tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin náà ṣàwàdà.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ò ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Ọ̀yọ́ ni mí. Àwa máa ń tètè sọ tiwa, ká lè ráyè sinmi."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ọkùnrin náà wá bi mí bóyá kóun yọjú wo mọ́tò. Mo ní rárá, mo sọ ohun tí iléeṣẹ́ wí. Kò jiyàn, kò bú wọn. Ó ní, "Kò burú. Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò," ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá mi ló yíjú sí mi, ojú kan ṣoṣo yẹn sì le ju méjì lọ.

"Mọ́tò tó o rà yìí, kí lo ní o fẹ́ máa fi ṣe nígbà tó o rà á?"

Mo ní kí n lè máa gbé e kiri.

"Ó dáa. Nígbà wo lo fẹ́ gbé mi?"

Mo dìde, mo lọ pe ọkùnrin náà padà.

Nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù díẹ̀ tó ṣí i, kò gba ọgbọ́n kankan láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mi ò mọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnnì náà rí i. Kílíìpù tó yẹ kó fún róbà omi mọ́ ẹnu rédíétọ̀ ti dẹ̀, ó kàn ń yí kiri lọ́rùn róbà bí ẹ̀gbà lọ́wọ́ ọmọ tó rù. Ó fi tuntun sí i, ó dì í, ó bu omi sí rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa, èyí táwọn obìnrin fi ń kun èékánná, látinú àpò àyà ẹ̀, ó sì kán ẹ̀kán kan péré sórí ìdè kílíìpù náà.

"Kí nìyẹn fún?" ni mo bi í.

"Àmì mi ni, Àǹtí. Gbogbo ibi tí mo bá fọwọ́ dì ni mo máa ń fi sí. Tó bá tú, èmi ni kẹ́ ẹ wá mú. Ìyàwó mi ló ni ín o, ó ti jà títí, ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ra tìẹ, jàre!" ni ìyá mi kígbe láti abẹ́ igi.

Ó di kílíìpù àtijọ́ sínú ọ̀rá kékeré, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹrù mi ni. Ó wọ mọ́tò pẹ̀lú mi, a wà á lọ, a wà á bọ̀, ó tún ṣí i wò kó tó jẹ́ kí ìyá mi wọlé. Bí a ṣe délé nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá wọ́ wa, ọjọ́ kejì ni ẹnì kan pè mí láàárọ̀ láti béèrè pé, "Níbo lẹ wà gan-an, ma?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé jíà ti dé. Tayọ̀tayọ̀ ni mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì, tí orúkọ ẹ̀ wà láyà, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan iná sí i, ó sì dúró gbagidi.

"Ma, ta ló fi nǹkan pupa síbí?"

Mo sọ òótọ́ fún un, gbogbo ẹ̀, látorí bándéèjì dórí ìpè tí wọn ò gbé. Ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀, obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ní ọwọ́ ìta ti kan mọ́tò, wárántì ti tú, àwọn ò lè pààrọ̀ jíà mọ́. Mo yọ kílíìpù àtijọ́ jáde. Mo ní ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ omi, ẹ̀yin lẹ tú kílíìpù yìí. Ta ló dì í padà?

"Ẹ̀ka iṣẹ́ wa ló ṣe é, ma."

"Ta ni nínú ẹ̀ka yín?"

"A kì í sọ ìyẹn fún kọ́sítómà, ma."

"Ìyá mi tó wà lóòrùn ńkọ́?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ma."

Wọ́n fọ mọ́tò náà fún mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó ń dán.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní sọ fún ẹ pé ọ̀run ni ọgbà tó wà ní Pleasure yẹn. Ọkùnrin yẹn, tó ti di mẹkáníìkì mi báyìí, lè sọ pé òun ti wà lọ́nà nígbà tó ṣì ń fọṣọ nílé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, má wulẹ̀ pè é títí tí wọ́n á fi kírun tán. Ọwọ́ ọ́ìlì ẹ̀ wà lára ìjókòó mi dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ jíà fún un, ó ní jíà kì í ṣe iṣẹ́ òun, ó sì mú mi lọ bá oníjíà kan ní Ìkòtún, ó jókòó tì mí níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, wọ́n sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níṣojú mi. Mọ́tò náà ò tì mí lẹ́yìn mọ́. Ọjọ́ Sátidé tí mo bá lọ ṣe sàfíìsì báyìí, ìyá mi á ní òun ń bọ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi, á máa jẹ ẹ̀pà sísè, á máa bá gbogbo ọgbà jiyàn. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń dùn nídìí éésì àti tíì lọ, nítorí kò sí gíláàsì láàárín wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú bándéèjì náà, ibẹ̀ ló ní ká kọ́kọ́ yà. Ó tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó fi ọ̀tún tuntun náà wá inú ibẹ̀ títí.

"Mo rí i," ló wí. "Pupa ni lóòótọ́. Ó tiẹ̀ rẹwà."

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn gíláàsì dúdú, tí orúkọ yín wà láyà yín, mi ò béèrè tíì, mi ò béèrè "ẹ pẹ̀lẹ́." Kílíìpù yín ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá. Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí àmì ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Ta nínú yín ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn kó tó tú mọ́ ìyá mi lójú? Ọkùnrin Pleasure ti fi àmì tiẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì rí i, ẹ fi dá mi lẹ́bi. Tiyín dà?