Fótò Tí Òyìnbó Yà Ní Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

N kò fẹ́ràn ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí èèyàn. Òyìnbó tó wọ agboolé wa lọ́dún tí ariwo wíwó ilé gba Ìsàlẹ̀ Èkó kan, ẹ̀rín ló gbé wọlé. Ó fi kámẹ́rà kọ́rùn, eruku bo bàtà rẹ̀, ògbufọ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó de táì nínú oòrùn ọ̀sán.

Ògbufọ̀ ní ọ̀gá òun ń rìnrìn àjò káàkiri ayé ni, àṣà ìbílẹ̀ àwọn èèyàn ló ń yà ní fótò. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn." Nínú ọkàn mi, mo ní irọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fi ẹfun sàmì sára ilé lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba, nígbà yẹn. Wọ́n ní àdúgbò wa dọ̀tí, àwọn á wó o, àwọn á kó wa lọ sí Sùúrùlérè. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilé èèyàn, á kọ́kọ́ wá wò ó?

Òyìnbó kó àwọn fótò tó ti yà nílùú mìíràn jáde láti inú àpò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbà wọ́n, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá wà níhòòhò níbẹ̀, àkísà ló ró. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó wọ bàtà.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní àpótí aṣọ ni?" Ó bi ògbufọ̀.

"Ọ̀gá ò fẹ́ kí wọ́n múra ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe wà gan-an ló ń fẹ́."

"Bí wọ́n ṣe wà kẹ̀? Ta ló ń ya fótò bó ṣe wà?"

Òótọ́ ló sọ. Ní Èkó ìgbà náà, a kì í fi fótò ṣeré. Èèyàn á wẹ̀, á ṣí àpótí, á wọ èyí tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, á jókòó sórí àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún kí òrùka lè hàn. Bí àwọn ọmọ ọmọ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyẹn lẹ́yìn tó bá ti lọ. Fótò tí wọ́n bá ya èèyàn láìmúra, ìwọ̀sí ni.

Mo rò pé ó máa lé wọn jáde ni, àmọ́ ó ní nǹkan tó ń rò. Inú yàrá rẹ̀ ni sàréè bàbá ọkọ mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe máa ń sin olórí ilé. Ohun tí gbogbo ọjà Jankara sì ń sọ ni pé ẹbí tó bá lè fi hàn pé sàréè wà nínú ilé wọn, ìjọba ò ní fọwọ́ kan ilé náà. Àwọn tó ń fi ẹfun sàmì kì í wọlé wá wò ó. Àwọn onífótò àdúgbò ní yàrá náà ti ṣókùnkùn jù. Òyìnbó yìí ní iná tó ń kọ mànà lórí kámẹ́rà.

"Á yà á," ni ìyá ọkọ mi wí, "ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ní kó yà á ló máa yà á, á sì fún mi ní tèmi."

Òyìnbó gbà kíákíá. Gbígbà tó yá tó bẹ́ẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Màmá wọ sányán, ó wé gèlè, ó so iyùn mọ́rùn, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀ bí olorì. Òyìnbó gbé kámẹ́rà sójú. Ó ró "ká", àmọ́ iná kò kọ. Mo bi ògbufọ̀ pé iná dà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti tó. Ojú fèrèsé wo? Èyí tí ògiri ilé kejì dí pa?

A rò pé wọ́n ti ń di ẹrù wọn lóde. Ọjọ́ Alámísì ni, ọjọ́ tí Màmá máa ń gbá orí sàréè. Ó bọ́ aṣọ, ó tú gèlè, ó ró ìró àtijọ́ kan mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Nígbà náà ni iná wá kọ mànà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo figbe ta. Ògbufọ̀ ní ọ̀gá òun kàn ń dán iná wò ni.

"Ṣé ó ti wá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́?" ni mo bi í. Wọ́n ti jáde.

Fótò kan ṣoṣo ló padà tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ògbufọ̀ gbé e wá nínú bébà, kò dúró gba omi mu. Màmá ló wà níbẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, orí funfun láìwégèlè, egungun èjìká yọ, ògiri tó ti lanu wà lẹ́yìn rẹ̀. Sàréè hàn kedere níwájú. Èyí tó fi sányán yà, a kò rí i títí dòní. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ẹni tí a forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, wọ́n ti fi orí ìyá arúgbó fọ́ àgbọn tiwọn.

Ọkọ mi ní ká má bínú, sàréè ṣáà hàn, òun la sì ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Màmá ṣe gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lápá CMS. Ó múra lọ́jọ́ náà bí ẹni ń lọ Yidi. Akọ̀wé gba fótò, ó wò ó, ó nà án sí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí wa.

"Màmá, ta ni ìyá tó ń gbálẹ̀ yìí? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Kó ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, sàréè di ti ọkọ rẹ̀, ilé di tiwa. Ó gba fótò náà, ó wò ó pẹ́. Mo rọra fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí.

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Ó wò mí, mo pa á dé.

"Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ilé ta wá lèyí?" ni akọ̀wé bi í.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní ká máa lọ sílé. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti wó o, tòun ti sàréè ọkọ rẹ̀.