Éèsì Méjì àti Owó Ilé Wa

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ayò káàdì kó bá mi ní Ajégúnlẹ̀. Alájọgbé mi, akọ̀wé kan ní èbúté Àpápá, gbé owó ilé tí àwa méjèèjì dá jọ lọ ta póka, ayò káàdì olówó, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan. Wọ́n pín éèsì méjì, káàdì tó ga jù lọ, fún un. Ìbá ti dá owó ńlá kí àwọn tí káàdì wọn kò dára lè sá, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò mú un díbọ́n bí ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí gbogbo wọn lè dúró. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ káàdì, ọ̀kan nínú wọn, awakọ̀ tírélà kan tó ní oní-méje méjì, rí ẹ̀kẹta; mẹ́ta sì ju méjì lọ, bó ti wù kí méjì náà ga tó, ó sì kó gbogbo owó orí tábìlì, owó ilé wa pẹ̀lú.

Nígbà tí mo débẹ̀, awakọ̀ náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá akọ̀wé, ṣé éèsì yín sùn lọ ni?"

Alájọgbé mi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n: ẹ má fi owó tí ẹlòmíràn dá sí i dẹ pàkúté fún ẹnikẹ́ni.